Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì í Pariwo

   Ọ̀pọ̀ yín ti gbọ́ pé àwa ọmọ ọdún kẹrin ní ẹ̀ka Yorùbá ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ kan fún àwọn òṣìṣẹ́ fákọ́tì wa nígbà tí Àyájọ́ Ọkàn Lágbàáyé, tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn kan ń bi wá pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdáhùn ìbéèrè yẹn là ń kọ yìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ilé ìwòsàn yunifásítì wa ló fi ìwé ìléwọ́ olójú ewé méjì ránṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n fẹ́ wá yẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò, kí wọ́n sì là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń tọ́jú ọkàn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbálẹ̀, àwọn tó ń ro oko àyíká, àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn másínjà, ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì yẹn, àwọn mìíràn kò sì lè ka ìwé kankan. Olùkọ́ wa kan gba ìwé náà, ó kó o fún àwa méje, ó ní kí a sọ ọ́ di Yorùbá tí ìyá òun tó wà nílé yóò gbọ́. Ó ní òun kò fẹ́ Yorùbá inú tíṣíìsì.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ gan-an ló kọ́kọ́ dá wa dúró. Ìwé náà ní kí òṣìṣẹ́ tọ́jú ọkàn rẹ̀. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá pé “Ẹ tọ́jú ọkàn yín.” Pásítọ̀ tàbí ààfáà ni yóò rò pé ẹ jẹ́. Ọkàn ni a fi ń gbàgbọ́, òun ni kì í balẹ̀, òun là ń fi sí iṣẹ́, òun náà ló ń le tàbí tó ń rọ̀. Orúkọ kan náà la wá fún ẹran ara tó tó ìkúùkù, tó ń lù nínú àyà láìsinmi. Àwọn kan nínú wa ní kí a máa kọ “àyà”, torí pé a máa ń ní àyà wa já, àyà wa là. Àwọn tó kù ní àyà ni ilé, ọkàn ni ẹni tó ń gbénú ilé, a kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì. Àríyànjiyàn náà gbà wá ní odidi ọ̀sán ọjọ́ kan (ẹ mọ bí àwa ṣe rí). Ẹni tó bá wa parí rẹ̀ ni ìyá kan tó ń gbálẹ̀ ní ẹ̀ka wa. Ó dúró tì wá pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé kì í ṣe bí ọkàn ẹran tí alápatà ń tà náà ni?” Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ́: ọkàn, irú èyí tí ẹ máa ń rí lára ẹran lọ́wọ́ alápatà, tí tiyín sì ń fa ẹ̀jẹ̀ kiri ara tọ̀sán-tòru.

Ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ ló wá le jù. Gbogbo wa la mọ orúkọ yẹn láti kékeré, kò sì sí ẹni tó ń ronú pé orúkọ náà lè ṣi èèyàn lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà “ru” dáadáa. Ohun tó bá ń ru kì í fara sin. Òkun ń ru, a ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Inú èèyàn ru, ojú fi í hàn. Ìlú ru, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ẹni tó bá wá gbọ́ “ẹ̀jẹ̀ ríru” yóò gbà pé bí ti òun bá ń ru, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀: orí yóò máa fọ́, ojú yóò máa ṣú, àyà yóò máa lù kìkìkì. Bí kò bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ó dá ara rẹ̀ lójú nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwọn dókítà ń sọ yàtọ̀ pátápátá. Àìsàn tí kì í pariwo ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò jáde ní 2021 pé àwọn tó ní i láàárín ọmọ 30 ọdún sí 79 lé ní bílíọ̀nù kan, ìyẹn bílíọ̀nù 1.28, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ rárá pé àwọn ní i.

Ohun kejì tí orúkọ náà ń ṣe ni pé ó ń fi ìrònú ṣe baba àìsàn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan bá ru, ohun tí a ó kọ́kọ́ sọ ni pé ó ń ronú jù. Irọ́ kọ́, wàhálà ọkàn wà nínú ohun tó ń dá kún un. Ṣùgbọ́n iyọ̀ wà níbẹ̀, ọtí wà níbẹ̀, sìgá wà níbẹ̀, ọjọ́ orí, ara sísan jù, àti ohun tí èèyàn bá lára òbí. Bàbá Ọlọ́dẹ, tí ẹ ó pàdé láìpẹ́, sọ fún wa nígbà tí a kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ pé, “Èmi kì í ronú. Kò sí nǹkan kan tí mò ń rò.” Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí a lọ bá àwọn tó ń ronú.

Àwọn mìíràn pè é ní àrùn olówó, tàbí àrùn òyìnbó. A fi ìyẹn rẹ́rìn-ín nítorí pé ọmọ Oǹdó kan ló ti kọ odidi ìwé lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ọmọ Áfíríkà láti 1972. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oládiípọ̀ Akínkúgbé tó papò dà ní 2020 là ń sọ, ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn.

A kò lè yí orúkọ àìsàn padà, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ wa bí a bá dá òmíràn. Ohun tí a ṣe ni pé a fi gbólóhùn kan tẹ̀ lé e ní gbogbo ibi tó ti jẹyọ: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo, ìwọ̀n ló ń tú u fó. Ní ti ìwọ̀n fúnra rẹ̀, àwọn ìwé ìròyìn ti ń lo “ìfúnpá” fún agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan. Nígbà tí a ka ìyẹn sétí àwọn òṣìṣẹ́, bàbá àgbà kan lára àwọn tó ń ro oko bú sẹ́rìn-ín. “Ìfúnpá? Ta ló tún ń so ìfúnpá láyé tó lajú yìí?” Àṣé oògùn tí àwọn ọdẹ máa ń so mọ́ apá ló wá sí i lọ́kàn. Ó dùn mọ́ wa. Nǹkan aláṣọ tí nọ́ọ̀sì máa ń wé mọ́ apá, tí yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí títí yóò fi fún un pinpin, kí la tún fẹ́ pè é ju ìfúnpá lọ? Ọ̀rọ̀ náà di tiwọn lójú ẹsẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá rí wa, wọ́n á béèrè ọjọ́ tí ìfúnpá tún ń bọ̀.

Nọ́ńbà méjì ni ìfúnpá máa ń mú wá. Ti òkè ni ìgbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ìgbà tó bá sinmi láàárín lílù kan sí èkejì. 120 lórí 80 dára. Bó bá ń dé 140 lórí 90 lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Kí nọ́ńbà náà má baà parọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó ti tọ̀ kó tó jókòó, kó fi ẹ̀yìn ti àga, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó gbé apá lé tábìlì ní déédéé ọkàn, kó má sì sọ̀rọ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn! Ẹ bá wa wá Yorùbá tí wọ́n máa kí tí kò ní dáhùn. Apá wà nínú ìfúnpá, ẹni tó ń wọlé ní “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ẹni tó jókòó ní “Oo, ẹ kúulé, àwọn ọmọ ńkọ́?” Nọ́ńbà á fò sókè. Bí kò bá sì dáhùn, wọ́n á ní ó di èèyàn burúkú. A fi ìlà kan kún un tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì: Bí wọ́n bá kí yín lásìkò yìí, ẹ mi orí, wọn kò ní bínú.

Ọjọ́ 29 pé. Gbọ̀ngàn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì ni wọ́n lò, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán. Ibẹ̀ la ti rí ohun tí ìtumọ̀ kò lè ṣe. Akọ̀wé kan wà ní fákọ́tì wa tí àìsàn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, ọ̀pá méjì ló fi ń rìn. Ẹ̀rọ agbéniròkè ilé náà kò ṣiṣẹ́ rí láti ìgbà tí a ti wọlé. Òun ló tẹ ìwé ìpè tí wọ́n lẹ̀ káàkiri, kò sì lè gòkè lọ jẹ́ ìpè náà. Òfin tí ìjọba buwọ́ lù ní oṣù Kìíní 2019 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akànda ẹ̀dá fún àwọn ilé ìlú ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe ọ̀nà àbáwọlé wọn. Ẹ ka ọdún náà fúnra yín.

Másínjà kan tó jẹ́ adití gòkè ní tirẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sọ nọ́ńbà rẹ̀ fún un lẹ́nu, ó mi orí, ó lọ. Ọ̀kan nínú wa ló sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú bébà. Ìyá kan tó wọ híjáàbù kò fẹ́ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè lójú àwọn ọkùnrin, kò sì síbi tí wọ́n ta aṣọ sí. Ó padà sílé láìwọ̀n. Èyí tó wá burú jù ni pé ọmọkùnrin tó ń bá wọn kọ nǹkan sílẹ̀ ń ké orúkọ àti nọ́ńbà jáde láti igun gbọ̀ngàn kan dé èkejì, bí ẹni tó ń pe àwọn tó fẹ́ gba owó ìfẹ̀yìntì. “Lágbájá, 170 lórí 100!” Gbogbo ilé yíjú sí i.

Ìwé orúkọ tí wọ́n ń lò náà wá jẹ́ ti òṣìṣẹ́ tí yunifásítì gbà síṣẹ́ nìkan. Àwọn tó ń gbálẹ̀ àti àwọn ọlọ́dẹ kò sí níbẹ̀, nítorí pé agbaṣẹ́ṣe ló ń san owó wọn. Àwọn tí a torí wọn túmọ̀ ìwé gan-an ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ìyá tó bá wa parí ọ̀rọ̀ ọkàn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wá orúkọ rẹ̀ wá a tì, ó bá gbé korobá rẹ̀.

A kọ lẹ́tà, olùkọ́ wa fọwọ́ sí i. Ká má parọ́, nọ́ọ̀sì tó darí ètò náà kò dúró de lẹ́tà kankan. Obìnrin náà ti rí ohun tí a rí. Ó ní bí a bá lè kó àwọn èèyàn náà jọ, òun yóò wá nígbà tí wọ́n bá ráyè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó dé ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí àwọn ọlọ́dẹ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, nígbà tí àwọn agbálẹ̀ ń wọlé. Ìsàlẹ̀ ilé ni a lò. A ta aṣọ sí igun kan, obìnrin ló ń wọn obìnrin níbẹ̀. Olúkúlùkù gba nọ́ńbà tirẹ̀ nínú bébà tí a ká, kò sí ariwo. Akọ̀wé wa ló kọ́kọ́ jókòó, ó ní òun fẹ́ kí orúkọ òun wà lókè lẹ́ẹ̀kan. Másínjà adití gba ìwé tirẹ̀ pẹ̀lú àwòrán tí ọ̀kan nínú wa yà, ó tún un yà fún wa ní ibi méjì, torí pé ọwọ́ tó wà nínú àwòrán náà kò tó ìwọ̀n ọkàn.

Ibẹ̀ la ti ka ìwé náà sókè. Nígbà tí a dé ibi tó ní “Ẹ yẹra fún wàhálà,” Ìyá agbálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní, “Èmi ń yẹra fún un, òun ni kò yẹra fún mi.” Owó oṣù rẹ̀ kò tó 70,000 náírà tí òfin 2024 sọ pé ó kéré jù. Ní 2022 tí àwọn olùkọ́ fi daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, tí ọgbà dá páropáro, agbaṣẹ́ṣe ní kò sí ilẹ̀ láti gbá, nítorí náà kò sí owó láti san. Kí la fẹ́ kí ó yẹra fún nínú ìyẹn?

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń ka oríṣiríṣi nǹkan tí kì í ṣe ti iṣẹ́ wa. Ní 1953, Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London: awakọ̀ tó jókòó látàárọ̀ ní àìsàn ọkàn ju kọ̀ndọ́kítọ̀ tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ. Inú Ìyá agbálẹ̀ dùn nígbà tí a sọ ọ́ fún un, ó ní òun ti ń ṣe eré ìdárayá láìmọ̀ nìyẹn, àjà mẹ́rin lójúmọ́ pẹ̀lú korobá omi. Ṣùgbọ́n ìwádìí mìíràn wà, London náà ni. Láti 1967 ni wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin tó lé ní 17,000 lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Michael Marmot wà lára àwọn tó ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí: àwọn másínjà àti àwọn aṣọ́nà tó wà nísàlẹ̀ ń kú nípa àìsàn ọkàn tó bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá tó wà lókè pátápátá. Sìgá àti ẹ̀jẹ̀ ríru ṣàlàyé díẹ̀ nínú rẹ̀, kò ṣàlàyé tán. Lójú tiwa, ìwádìí yìí ló yẹ kí ó wà lórí tábìlì àwọn tó ń kọ ìwé ìléwọ́. Ìwé tiwọn ń bá òṣìṣẹ́ wí nípa iyọ̀ àti máàgí, kò sì bá ẹni tó gbà á síṣẹ́ sọ gbólóhùn kan.

Bàbá Ọlọ́dẹ nìyí wàyí. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa, òru mẹ́fà lọ́sẹ̀. Wákàtí 72 nìyẹn. Ní 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ sọ pé ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Obì ni Bàbá fi ń lé oorun. Ó kọ̀ láti wọ̀n ọ́n, a bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ti ń mọ́, tí àwọn tó kù ti ń lọ, ó wá jókòó fúnra rẹ̀. 182 lórí 108. Nọ́ọ̀sì ní kí ó sinmi, ó tún un wọ̀n, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Kò yà á lẹ́nu. Ó ti mọ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ti kọ oògùn fún un, ó lò ó fún oṣù kan, ó jáwọ́. A rò pé owó ni. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ ni pé, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí ọ̀gá bá rí oògùn lápò mi, á ní aláìsàn ń ṣọ́ ilé. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló máa fi rọ́pò mi.” Ẹni tó sọ pé òun kì í ronú ni o. Ó bi nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìwé tó ń kọ yẹn yóò dé ọ́fíìsì agbaṣẹ́ṣe. Nọ́ọ̀sì fi bébà náà lé e lọ́wọ́, ó ní ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ rẹ̀ náà ló wà yẹn.

Ìwé Yorùbá wa ti di ohùn báyìí. A kà á sórí fóònù, ó ń lọ láti WhatsApp kan dé òmíràn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ gbọ́ Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú dénú, a fẹ́ kí ẹ bá wa kà á ní ẹ̀ka-èdè yín. Ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí ètò adójútòfò ìlera, òfin 2022 ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn, ẹ sọ fún wa bí òṣìṣẹ́ tó wà lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe ṣe lè rí i gbà. Lẹ́tà wa kejì, èyí tó dá lórí wọn, ṣì wà lórí tábìlì níbi tí a fi í sí.

Bàbá ti padà sídìí oògùn. Inú ike orógbó ló ń kó o sí. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn, ó jẹ́ 148 lórí 92. Ó ní kí a bá òun kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà sórí bébà mìíràn, nítorí pé ojú ìyàwó òun kò ríran dáadáa mọ́.